Àwọ̀ pupa lórí máàpù Ákítíìkì yìí: ṣé ihò ósóònù ni àbí nǹkan mìíràn?

Akẹ́kọ̀ọ́_Ifẹ̀ kọ:

Ẹ kú àárọ̀ o, ẹ̀yin àgbà àti ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi. Láti ìjẹta ni àwòrán kan ti ń tàn kiri nínú àwọn ẹgbẹ́ WhatsApp wa. Máàpù ìhà àríwá ayé ni. Sátẹ́láìtì Sentinel-5P ló yà á nínú Oṣù Kẹrin. Wọ́n kọ BrO sí igun rẹ̀, àwọ̀ pupa sì bo Òkun Beaufort, lókè Alaska àti Kánádà. Ẹni tó kọ́kọ́ fi í ránṣẹ́ kọ sábẹ́ rẹ̀ pé ihò ósóònù tuntun ti ṣí ní àríwá, pé àdéhùn Montreal, èyí tí àwọn orílẹ̀-èdè fi dá àwọn gáàsì tó ń ba ósóònù jẹ́ dúró, ti já sí asán.

Kẹ́mísírì ni mò ń kà. Mo mọ̀ pé BrO ni bromíìnì tó so mọ́ átọ̀mù ọ́síjìn kan, mo sì mọ̀ pé bromíìnì máa ń ba ósóònù (O₃, gáàsì tó ní átọ̀mù ọ́síjìn mẹ́ta) jẹ́. Ṣùgbọ́n mo tún kà á níbì kan pé ósóònù ìsàlẹ̀, èyí tó wà nínú afẹ́fẹ́ tí à ń mí símú, máa ń pòórá ní Ákítíìkì nígbà ìrúwé, àti pé iyọ̀ òkun ló ń fà á. Èwo nínú méjèèjì ni àwòrán yìí ń fi hàn? Ẹ jọ̀ọ́, ẹni tó bá mọ̀ ọ́n kó là mí lọ́yẹ.

Awòfuurufú kọ:

Ẹ kú ìbéèrè, àbúrò. Dátà irú àwọn sátẹ́láìtì wọ̀nyí ni mò ń kà níbi iṣẹ́, inú mi sì dùn pé o béèrè kí o tó fi í ránṣẹ́ sí ẹlòmíràn. Nǹkan méjì ni wọ́n pò pọ̀ nínú ọ̀rọ̀ abẹ́ àwòrán yẹn.

Nǹkan bí ìdá mẹ́sàn-án nínú mẹ́wàá gbogbo ósóònù ló wà ní òfuurufú òkè, èyí tí wọ́n ń pè ní stratosphere, láti nǹkan bíi kìlómítà 10 lọ sókè. Òun ló ń gba UV, ìtànṣán oòrùn tó lè ṣe wá ní jàǹbá. Ósóònù òkè yìí ni Joe Farman, Brian Gardiner àti Jonathan Shanklin rí i pé ó ń dín kù gidigidi lókè ibùdó Halley ní Antákítíkà. Oṣù Karùn-ún 1985 ni wọ́n gbé e jáde nínú Nature, ìwé ìròyìn sáyẹ́ǹsì. Klóríìnì àti bromíìnì tó ti inú àwọn gáàsì tí ọmọ ènìyàn ń ṣe jáde ló fà á.

Èkejì ni ti ósóònù tó wà nísàlẹ̀ pátápátá, láti orí yìnyín dé mítà ọgọ́rùn-ún mélòó kan sókè. Ní Barrow ní Alaska (Utqiaġvik ni wọ́n ń pe ìlú náà báyìí) àti ní Alert, níbi tí ilẹ̀ Kánádà parí sí lápá àríwá, àwọn onímọ̀ rí i pé bí oòrùn bá ti padà yọ lẹ́yìn òkùnkùn ìgbà òtútù, ósóònù tó jẹ́ mólékù 30 tàbí 40 nínú bílíọ̀nù kan mólékù afẹ́fẹ́ á já wálẹ̀, á fẹ́rẹ̀ẹ́ má ku nǹkan kan. Nígbà mìíràn wákàtí díẹ̀ ti tó. Ní 1988, Leonard Barrie àti àwọn tó bá a ṣiṣẹ́ fi hàn pé bí ósóònù bá ti ń lọ sílẹ̀ ní Alert ni bromíìnì ń gòkè.

Níbo ni bromíìnì yìí ti wá? Inú òkun. Lítà omi òkun kan ní bromáìdì tó tó nǹkan bíi mílígíráàmù 65. Ó kéré sí klóráìdì gan-an, èyí tó jẹ́ nǹkan bíi gíráàmù 19. Nígbà tí òkun bá dì, iyọ̀ rẹ̀ á kóra jọ sójú yìnyín, atẹ́gùn á sì fẹ́ díẹ̀ mọ́ òjò-dídì tó bo ibẹ̀. Bí ojú ibẹ̀ bá ti ní ásíìdì díẹ̀, tí ìmọ́lẹ̀ sì dé, iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀:

HOBr + Br⁻ + H⁺ → Br₂ + H₂O
Br₂ + ìmọ́lẹ̀ → 2Br
Br + O₃ → BrO + O₂
BrO + HO₂ → HOBr + O₂

Wo ìlà àkọ́kọ́ dáadáa. Átọ̀mù bromíìnì kan, èyí tó wà nínú HOBr, ló ti inú afẹ́fẹ́ bà lé òjò-dídì, méjì (Br₂) ló jáde padà. Méjì á di mẹ́rin, mẹ́rin á di mẹ́jọ, títí ósóònù ibẹ̀ á fi tán. Ìbúgbàù bromíìnì ni wọ́n ń pè é, orúkọ yẹn sì bá a mu.

Oṣù Kẹrin, Òkun Beaufort, yìnyín tó kún fún iyọ̀: gbogbo èyí bá ìbúgbàù bromíìnì mu. Síbẹ̀ mi ò ní dájọ́ lórí àwòrán kan ṣoṣo. Ìdí wà, ó sì gùn díẹ̀. N ó padà sí i.

Máṣegbàgbọ́_Lásán kọ:

Ẹ kú iṣẹ́, ẹ̀gbọ́n Awòfuurufú, ṣùgbọ́n ẹ dúró ná. Bó bá jẹ́ pé òkun fúnra rẹ̀ ló ń tú bromíìnì jáde tó sì ń gbá ósóònù lọ pátá, kí ni wọ́n ń tìtorí rẹ̀ fi òfin de gáàsì fíríìjì àti ti ẹ̀rọ panápaná? Èmi ń tún ẹ̀rọ amúlétutù ṣe jẹun. Owó gọbọi ni a ná nígbà tí wọ́n ní ká yí gáàsì padà. Tí ìṣẹ̀dá bá ń ṣe ohun kan náà lọ́dọọdún, ẹ jẹ́ kí n mọ ohun tí a jẹ̀bi rẹ̀.

Awòfuurufú kọ:

Ìbéèrè tó lẹ́sẹ̀ nílẹ̀ nìyẹn, ẹ ṣeun. Ẹ jẹ́ ká fi ìṣirò dáhùn rẹ̀.

Dobson ni wọ́n fi ń wọn ósóònù tó wà láti ilẹ̀ dé òkè. Dobson kan ni ósóònù tí yóò nípọn tó ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún mìlímítà bí a bá kó o wá sílẹ̀, tí a tẹ́ ẹ sójú kan. Ní ìrúwé, Ákítíìkì sábà máa ń ní tó 400 Dobson. Ká wá sọ pé afẹ́fẹ́ ìsàlẹ̀ tó ga tó mítà 500 ní ósóònù 40 nínú bílíọ̀nù kan, tí bromíìnì òkun sì jẹ gbogbo rẹ̀ tán. Mítà 500 lọ́nà 40 nínú bílíọ̀nù kan jẹ́ mìlímítà 0.02. Dobson 2 péré nìyẹn nínú 400. Ìtànṣán UV tó ń dé ilẹ̀ kò ní yí padà tó ohun tí ara ènìyàn lè mọ̀.

Ẹ wá gbé e sí ẹ̀gbẹ́ ti Antákítíkà. Kí wọ́n tó lè pe ibì kan ní ihò ósóònù, àpapọ̀ ósóònù ibẹ̀ kò gbọdọ̀ tó 220 Dobson mọ́.

Ìdí kejì ni pé bromíìnì inú iyọ̀ òkun kì í sábà rìn jìnnà sókè. Afẹ́fẹ́ tútù tó wà lórí yìnyín wúwo, ó máa ń dúró sílẹ̀, afẹ́fẹ́ tó móoru díẹ̀ á wá dé e mọ́lẹ̀. Bromíìnì náà tún máa ń padà sínú òjò-dídì. Halon, gáàsì oníbromíìnì tí wọ́n ń fi pa iná, kò rí bẹ́ẹ̀. Kì í yòrò sínú omi òjò, kò sì sí ohun tó ń tètè fọ́ ọ nísàlẹ̀. Halon-1301 lè lo nǹkan bí ọdún 65 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ nínú afẹ́fẹ́, nítorí náà ó ní àyè láti gòkè dé stratosphere kí UV tó tú u ká. Nígbà tó bá sì débẹ̀, átọ̀mù bromíìnì kan lè ba ósóònù jẹ́ ní nǹkan bí ìlọ́po 60 ohun tí átọ̀mù klóríìnì kan lè bà jẹ́. Bromíìnì tó wà lókè yẹn kò ju nǹkan bí 20 nínú tírílíọ̀nù kan, klóríìnì sì lé ní 3,000, síbẹ̀ ipa tí bromíìnì ń kó kò kéré.

Nítorí náà, owó tí ẹ ná kò ṣòfò rárá. Ìgbéléwọ̀n tí Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé àti àwọn onímọ̀ gbé jáde fún 2022 sọ pé bí a bá ń pa àdéhùn Montreal mọ́, ósóònù òkè yóò padà sí bó ṣe wà ní 1980 ní nǹkan bí ọdún 2066 ní Antákítíkà, 2045 ní Ákítíìkì, àti 2040 ní àwọn ibi yòókù láyé. Àdéhùn náà ń ṣiṣẹ́. Inú máa ń bí mi tí mo bá rí ẹni tó ń fi àwòrán tí kò yé e sọ fún àwọn èèyàn pé kò ṣiṣẹ́.

Bàbá_Oníkòkó kọ:

Ẹ kú àpérò, ẹ̀yin ọmọ mi. Ọ̀rọ̀ bromíìnì yìí kan àwa tí a ṣiṣẹ́ kòkó. Láyé ìgbà tí mo wà ní ilé ìkópamọ́ kòkó, kí ọjà tó bọ́ sínú ọkọ̀ ojú omi, a ó to àpò jọ, a ó da tapólì bò ó, a ó fi erùpẹ̀ tẹ etí rẹ̀ mọ́lẹ̀, a ó wá tú gáàsì mẹ́táìlì bromáìdì sí abẹ́ rẹ̀ láti inú sìlíńdà. Kòkòrò tó wà níbẹ̀ á kú pátá. Nígbà tó bá yá, a ó ká tapólì kúrò, atẹ́gùn á gbé ìyókù lọ. Kò sí ẹni tó bi wá léèrè ibi tó ń lọ. Ṣé gáàsì yẹn náà wà lára èyí tó ń gòkè lọ?

Awòfuurufú kọ:

Bàbá, ẹ kú iṣẹ́ ọjọ́ pípẹ́. Bẹ́ẹ̀ ni, ó wà lára rẹ̀. Mẹ́táìlì bromáìdì kì í pẹ́ lófuurufú tó halon, kò tilẹ̀ tó ọdún kan, ṣùgbọ́n ó pẹ́ tó kí díẹ̀ nínú rẹ̀ lè dé òkè. Òkun àti ewéko náà ń tú u jáde, àmọ́ èyí tí wọ́n ń fi fín ilẹ̀ oko àti irè oko ni ènìyàn lè ṣàkóso. Àwọn orílẹ̀-èdè ọlọ́rọ̀ ní láti dá a dúró ní 2005, àwọn orílẹ̀-èdè bíi tiwa ní 2015. Wọ́n yọ fífín ọjà kí ó tó kọjá ààlà sílẹ̀, ìyẹn ni pé irú iṣẹ́ tí ẹ ṣe gan-an ni àyè ṣì wà fún. Ọ̀pọ̀ ibi ti yí sí oògùn oníhóró tó ń tú gáàsì fọ́sífíìnì jáde. Òun náà léwu fún ẹni tó bá mí i símú, ṣùgbọ́n kì í ba ósóònù jẹ́.

Bàbá_Oníkòkó kọ:

Oníhóró yẹn ni àwọn ọmọ tó gba iṣẹ́ lọ́wọ́ wa ń lò báyìí. Ó dáa bẹ́ẹ̀. Mo dúpẹ́, ọmọ mi.

Ìyá_Ìbejì_Edmonton kọ:

Ẹ ǹlẹ́ o. Kánádà ni mo wà, mo sì ń bá àwọn aláìsàn tó ti ìhà àríwá wá ṣiṣẹ́, àwọn Inuit wà lára wọn. Ẹ ti sọ pé UV kò yí padà. Ṣé ó wá túmọ̀ sí pé ìbúgbàù bromíìnì yìí kò ní ohun kan ṣe pẹ̀lú ìlera àwọn tó ń gbé ibẹ̀? Mo béèrè nítorí pé a máa ń gbọ́ ọ̀rọ̀ mẹ́kúrì nínú ẹran omi tí wọ́n ń jẹ.

Awòfuurufú kọ:

Ìyá Ìbejì, ẹ fọwọ́ kan ibi tó ká èmi fúnra mi lára jù. Mẹ́kúrì tó wà nínú afẹ́fẹ́ jẹ́ gáàsì tó lè rin ìrìn àjò láti ibi kan láyé dé òmíràn fún oṣù púpọ̀. Ibi tí wọ́n ti ń sun èédú àti ibi tí wọ́n ti ń fi mẹ́kúrì yọ góòlù ni púpọ̀ nínú rẹ̀ ti ń wá. Ní ìrúwé 1995, Bill Schroeder àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ń wọn mẹ́kúrì ní Alert. Wọ́n rí i pé ọjọ́ tí ósóònù bá pòórá ni gáàsì mẹ́kúrì náà ń pòórá. Wọ́n kọ ọ́ jáde nínú Nature ní 1998. Bromíìnì ló ń so mọ́ mẹ́kúrì, tó ń sọ ọ́ di irú èyí tó tètè ń lẹ̀ mọ́ òjò-dídì.

Oòrùn máa ń dá apá kan rẹ̀ padà sínú afẹ́fẹ́. Ìyókù á bá omi yìnyín tó yọ́ wọ òkun. Àwọn ohun tíntìntín inú omi lè sọ ọ́ di irú mẹ́kúrì tó ń kóra jọ sára ẹja, láti ara ẹja dé ara séàlì àti àbùùbùtán, títí dé orí tábìlì oúnjẹ. Iyọ̀ òkun kò ṣẹ̀ wọ́n, oòrùn kò sì ṣẹ̀ wọ́n. Àwọn tó ń tú mẹ́kúrì sáfẹ́fẹ́ ní ọ̀nà jíjìn ló gbé ẹrù náà dé ọ̀dọ̀ àwọn tí kò jẹ nínú èrè rẹ̀. Nítorí èyí ni ó fi yẹ ká mọ ibi tí ìbúgbàù bromíìnì ti ń ṣẹlẹ̀, ìgbà tó ń ṣẹlẹ̀ àti bó ṣe fẹ̀ tó. Ibùdó díẹ̀ tó wà lórí ilẹ̀ kò lè sọ ìyẹn fún wa.

Tíṣà_Físíìsì kọ:

Èmi fẹ́ mọ bí sátẹ́láìtì ṣe ń rí i. BrO kò ní àwọ̀ tí ojú lè rí, iye rẹ̀ sì kéré débi pé ẹ̀yin fúnra yín ń fi tírílíọ̀nù kà á. Báwo ni ẹ̀rọ tó wà ní kìlómítà ọgọ́rùn-ún mélòó kan lókè ṣe ń mọ̀ pé ó wà níbẹ̀? Ẹ sì jẹ wá ní gbèsè: ẹ ní ẹ ó sọ ìdí tí ẹ kò fi dájọ́ lórí àwòrán yẹn.

Awòfuurufú kọ:

Tíṣà, ó tó àkókò kí n san gbèsè náà.

Ẹ̀rọ náà ń wo oòrùn fúnra rẹ̀, ó sì ń wo ìmọ́lẹ̀ oòrùn tó ti wọ òfuurufú, tó bà lé ilẹ̀, tó sì tàn padà sókè. Ohun tó bá sọnù láàárín méjèèjì, nǹkan kan lọ́nà ló gbà á. BrO máa ń gba ìmọ́lẹ̀ UV láàárín nanomítà 330 sí 360 nígun-nígun, ìlà kan tẹ̀ lé òmíràn, kò sì sí gáàsì mìíràn tí ìlà rẹ̀ rí bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́. Ìlànà tí wọ́n fi ń yọ ìlà yìí jáde ni DOAS. Ulrich Platt ní Yunifásítì Heidelberg ní Jámánì wà lára àwọn tó gbé e kalẹ̀, orí ilẹ̀ ni wọ́n sì ti kọ́kọ́ lò ó. Òjò-dídì wá ràn wá lọ́wọ́: ojú rẹ̀ funfun, ó ń dá UV púpọ̀ padà, nítorí náà sátẹ́láìtì máa ń rí ìsàlẹ̀ dáadáa ní Ákítíìkì ju bó ṣe ń rí orí òkun dúdú lọ.

Ẹ̀rọ kan tó ń jẹ́ GOME ló ṣí ọ̀nà, lórí sátẹ́láìtì ERS-2 tí wọ́n gbé lọ sókè ní Oṣù Kẹrin 1995. Títí di ìgbà yẹn, ojú ibùdó bíi Alert nìkan ni wọ́n fi ń rí ọ̀rọ̀ yìí. Nígbà tí àwọn máàpù GOME jáde ní 1998, wọ́n rí i pé BrO máa ń bo ibi tó fẹ̀ tó ẹgbẹẹgbẹ̀rún kìlómítà, ní ìhà méjèèjì ayé, nígbà ìrúwé ìhà kọ̀ọ̀kan. Ẹyọ àwòrán GOME kan gùn ní kìlómítà 320, ó fẹ̀ ní 40. Lẹ́yìn rẹ̀ ni àwọn ẹ̀rọ mìíràn dé: SCIAMACHY ní 2002, OMI ní 2004, GOME-2 ní 2006, àti TROPOMI lórí Sentinel-5P ní 13 Oṣù Kẹwàá 2017. Ẹyọ TROPOMI kò ju kìlómítà 3.5 sí 5.5 lọ báyìí. Ẹ lè fi í rí etí ibi tí yìnyín ti là. Àwọn ipa ọ̀nà sátẹ́láìtì yìí sì máa ń sún mọ́ra ní ìpẹ̀kun ayé, débi pé ó ń rí ibì kan náà ní Ákítíìkì lẹ́ẹ̀mélòó kan lójúmọ́.

Ìṣòro rẹ̀ nìyí. Ìmọ́lẹ̀ náà kọjá nínú òfuurufú òkè àti ti ìsàlẹ̀ kó tó padà, BrO sì wà nínú méjèèjì. Iye tó ń fún wa ni àròpọ̀. Ó dà bí ìgbà tí àwọn méjì da gàrí wọn sínú àpò kan, tí a wá gbé àpò náà lé ìwọ̀n: a mọ iye tó jẹ́, a kò mọ ti ẹnì kọ̀ọ̀kan. Ti òkè nìkan lè tó 3 sí 5 lọ́nà 10¹³ mólékù lórí sẹ̀ǹtímítà onígun mẹ́rin kan. Nígbà tí afẹ́fẹ́ onípá kékeré (low pressure, irú èyí tó máa ń mú ìjì wá) bá ń kọjá, ààlà tó wà láàárín òkè àti ìsàlẹ̀ lè sọ̀kalẹ̀ ní kìlómítà mélòó kan. Afẹ́fẹ́ òkè á nípọn sí i, BrO rẹ̀ á pọ̀ sí i, máàpù á sì di pupa, láìsí pé ohunkóhun ṣẹlẹ̀ lórí yìnyín.

Ní ìrúwé 2008, àwọn àjọ Amẹ́ríkà méjì, NASA (ti òfuurufú) àti NOAA (ti òkun àti ojú ọjọ́), kó bàálù lọ sí Ákítíìkì, orúkọ ìrìn àjò méjèèjì ni ARCTAS àti ARCPAC. Wọ́n wọn bromíìnì nínú afẹ́fẹ́ fúnra rẹ̀, wọ́n sì fi wé ohun tí OMI rí. Ross Salawitch àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ fi hàn ní 2010 pé púpọ̀ nínú àwọn ibi tó pọ́n jù lórí máàpù ló bá ibi tí ààlà yẹn ti sọ̀kalẹ̀ mu. Láti ìgbà náà, ẹni tó bá mọ iṣẹ́ yìí kò ní pe àwọ̀ pupa ní ìbúgbàù bromíìnì kó tó yọ ti òkè kúrò. Ọ̀nà tí Nicolas Theys àti àwọn ará Belgium gbé kalẹ̀ ń lo ósóònù àti gáàsì NO₂ tí sátẹ́láìtì kan náà wọ̀n, pẹ̀lú gíga ààlà náà, láti ṣírò ti òkè.

Ohun tó wá mú kó le sí i ni pé afẹ́fẹ́ onípá kékeré kan náà lè mú ìbúgbàù gidi wá nísàlẹ̀. Ìjì rẹ̀ á fẹ́ òjò-dídì oníyọ̀ sókè, bromíìnì á sì tú jáde láti ara rẹ̀. Ní ìparí Oṣù Kẹta 2011, GOME-2 rí irú rẹ̀, tí BrO lọ́ pọ̀ mọ́ ìjì náà bó ṣe ń yí. Nítorí náà òkè àti ìsàlẹ̀ lè pọ́n lọ́jọ́ kan náà.

Akẹ́kọ̀ọ́_Ifẹ̀ kọ:

Ẹ̀gbọ́n, ó ti ń yé mi. Ṣé ìbúgbàù náà ń pọ̀ sí i bí ayé ṣe ń gbóná?

Awòfuurufú kọ:

Àwọn onímọ̀ ní Yunifásítì Bremen ní Jámánì so dátà GOME, SCIAMACHY àti GOME-2 méjì pọ̀, láti 1996 dé 2017, wọ́n sì gbé e jáde ní 2020. BrO ìsàlẹ̀ ń gòkè ní nǹkan bí ìdá 1.5 nínú ọgọ́rùn-ún lọ́dún ní ìrúwé Ákítíìkì. Yìnyín tó ti lo ọdún púpọ̀ ń tán lọ, èyí tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dì lọ́dún náà ń gba ipò rẹ̀, iyọ̀ inú yìnyín tuntun yìí sì pọ̀ ju ti àtijọ́ lọ. Ìbátan wà láàárín ohun méjèèjì, ṣùgbọ́n kò lágbára tó kí a fi í ṣàlàyé ohun gbogbo.

Lórí ibi tí bromíìnì ti ń tú jáde gan-an, àríyànjiyàn ò tíì tán. Nígbà kan, àwọn òdòdó yìnyín tó ń hù lójú yìnyín tuntun ni wọ́n gbà pé ó ń ṣe é. Ní 2013, Kerri Pratt àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ gbé oríṣiríṣi yìnyín àti òjò-dídì sínú àpótí ní Barrow. Òjò-dídì tó wà lórí ilẹ̀ àti lókè yìnyín ló tú Br₂ jáde nínú oòrùn, yìnyín òkun tó kún fún iyọ̀ kò tú u. Èmi gbà pé òjò-dídì ilẹ̀ àti èyí tí ìjì ń fẹ́ kiri ni ó yẹ ká tẹjú mọ́.

Máṣegbàgbọ́_Lásán kọ:

Ìṣirò Dobson 2 yẹn tẹ́ mi lọ́rùn. Ohun kan ló kù: ṣé ihò ósóònù gidi kò lè ṣẹlẹ̀ ní àríwá rárá?

Awòfuurufú kọ:

Ó lè ṣẹlẹ̀ bí òfuurufú òkè bá tutù gan-an tí òtútù náà sì pẹ́. Ósóònù òkè dín kù púpọ̀ níbẹ̀ ní 2011, àti ní 2020, tí NASA wọn 205 Dobson ní 12 Oṣù Kẹta. Ṣùgbọ́n máàpù ósóònù ni wọ́n fi rí ìyẹn. Ẹni tó bá fẹ́ sọ̀rọ̀ ihò, kó mú máàpù ósóònù ọjọ́ náà wá.

Akẹ́kọ̀ọ́_Ifẹ̀ kọ:

Mo fẹ́ fi èyí ránṣẹ́ sí gbogbo ẹgbẹ́ tí àwòrán náà ti dé. Ẹ bá mi yẹ̀ ẹ́ wò:

«Máàpù yìí kì í ṣe ti ósóònù. Àròpọ̀ gáàsì BrO láti ilẹ̀ dé òkè ni. Ní Oṣù Kẹrin, iyọ̀ inú òjò-dídì Ákítíìkì máa ń tú bromíìnì jáde, ósóònù tó wà nítòsí ilẹ̀ á sì dín kù fún ìgbà díẹ̀. Èyí kì í ṣe ihò ósóònù. Ósóònù tó ń dáàbò bò wá lọ́wọ́ UV wà lókè, àdéhùn Montreal sì ń mú un bọ̀ sípò.»

Awòfuurufú kọ:

Ó dára gan-an. Fi gbólóhùn kan kún un lẹ́yìn «láti ilẹ̀ dé òkè ni»: «Apá kan nínú àwọ̀ pupa náà lè jẹ́ ti òfuurufú òkè.» Sì béèrè ọjọ́ tí wọ́n ya àwòrán náà gan-an, kí o kọ ọ́ sí i. Ẹni tó bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ kò kọ ọjọ́ kankan, láìsí ọjọ́ sì rèé, kò sí ẹni tó lè lọ wo ibi tí ààlà náà wà lọ́jọ́ yẹn.